Ẹnu ọ̀nà ni ká ṣọ́: bí a ṣe ń darí àjọ tó ń dín lílo ẹ̀wọ̀n kù ní Nàìjíríà

Nǹkan bí 80,000 èèyàn ló wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n káàkiri Nàìjíríà. Tí a bá mú mẹ́ta nínú wọn, á tó méjì tí adájọ́ kankan ò tíì sọ pé ó jẹ̀bi. Ẹjọ́ ni wọ́n ń dúró dè, ẹlòmíì fún oṣù mélòó kan, ẹlòmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọgbà Ìkòyí tí wọ́n kọ́ fún èèyàn 800 ti gba iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ.

Èyí ló yẹ kó sọ ibi tí àjọ yín máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ àjọ ló ń gbé ìrẹsì, ọṣẹ àti páàdì lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri l'Ékòó tàbí Agodi n'Ìbàdàn nígbà Kérésìmesì àti Iléyá. Mi ò bú wọn, torí ebi ń pa àwọn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ àánú nìyẹn, kò dín èrò kù. Ẹni tí kò bá sí lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé, omi ló ń gbọ́n nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹnu ọ̀nà náà kò sì ju méjì lọ: àgọ́ ọlọ́pàá àti kóòtù Májísíréètì. Ẹni tó fẹ́ dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí rẹ̀, ni mo kọ èyí fún. Ilẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn jù.

1. Ẹ lọ jókòó sí kóòtù kan

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà owó kankan, ẹ yan kóòtù Májísíréètì kan ṣoṣo: Ìyágankú n'Ìbàdàn, Ìsábọ̀ l'Abẹ́òkúta, Ògbà tàbí Yábàá l'Ékòó, èyí tó bá sún mọ́ yín. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ aráàlú. Ẹ mú ìwé dání, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ pa fóònù yín, kí ẹ sì máa lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kọ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí oníkálukú lọ́rùn, bóyá ó ní lọ́yà, iye béèlì rẹ̀, irú onídùúró tí wọ́n ní kó mú wá, àti ibi tó gbà lọ nígbà tí kóòtù dìde.

Kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rí i pé àwọn adájọ́ ń fún èèyàn ní béèlì. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan ọmọkùnrin kan, fóònù ni wọ́n ló jí. Májísíréètì ní béèlì N200,000, onídùúró méjì ní iye kan náà, kí wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kí wọ́n mú ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá, kí wọ́n sì lọ yẹ ilé wọn wò. Ìyá ọmọ náà ń ta ata ní Bódìjà. Kò mọ ẹnì kan tó ní ìwé owó orí ọdún mẹ́ta. Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fún ọmọ ní béèlì, mọ́tò ọgbà ẹ̀wọ̀n sì gbé e lọ sí Agodi. Ìwé sọ pé ó ti gba béèlì, ìyá rẹ̀ ò sì tíì rí i nílé. Àárín méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ yín wà.

Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni yóò sọ irú iṣẹ́ tí àjọ yín máa ṣe. Ní kóòtù kan, ìṣòro lè jẹ́ onídùúró. Ní òmíràn, ó lè jẹ́ àwọn tí taskforce kó lójú títì, tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi kí wọ́n lè tètè lọ sílé, tí wọn ò wá rí owó ìtanràn san. Oògùn méjèèjì ò jọra.

2. Ẹ forúkọ àjọ sílẹ̀

Ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni, lábẹ́ Incorporated Trustees (àjọ tí kì í ṣe fún èrè), Part F òfin ilé iṣẹ́, CAMA 2020. Ẹ óò polówó orúkọ àjọ nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá ní àtakò sì ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó ẹ̀gbin lábẹ́ EFCC, àti nọ́ńbà owó orí, kí ẹ tó lọ ṣí àkáǹtì. Lọ́dọọdún, láàárín 30 Okúdù sí 31 Ọ̀pẹ, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Ẹ fún ẹnì kan ní iṣẹ́ yìí lórúkọ. Tí ẹ bá ní kí gbogbo èèyàn máa rántí, kò sẹ́ni tó máa rántí.

Ní ti àwọn alábòójútó (trustee), ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí yẹ kó wà láàárín wọn. Kí ẹ mọ̀ pé òfin ò jẹ́ kí ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì tàbí àìṣòótọ́ láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn jẹ trustee. Ẹni tí èyí bá kàn lè jẹ́ òṣìṣẹ́ yín títí ọdún yóò fi pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣe olùsọ̀tàn níbi àpèjẹ ìkówójọ nìkan. Ẹni tó ti sùn sí sẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí lọ́yà ò mọ̀: ẹni tó ń pín àyè ìsùn, ìdí tí ẹnì kan fi ń purọ́ orúkọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn gba ẹ̀bi ohun tí kò ṣe. Ẹ fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti dìbò lórí bí ẹ ṣe ń náwó.

3. Àwọn tí ẹ óò gbà síṣẹ́

Ó kéré tán, lọ́yà kan tó ń lọ sí kóòtù gan-an, torí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò lè dìde fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn yòókù lè jẹ́ paralegal: ọmọ àdúgbò tó lè ka ìwé, tó lè jókòó pẹ̀lú ìyá arúgbó kó sì ṣàlàyé ẹjọ́ fún un lédè Yorùbá. Mo máa ń yan ẹni tó mọ báa ti ń kí àgbà ju ẹni tó mọ òfin sórí lọ. A lè kọ́ ọ ní òfin.

Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún tálákà ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1976, Èkó sì ní Office of the Public Defender tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Àwọn agùnbánirọ̀ tó jẹ́ lọ́yà náà ní ẹgbẹ́ Legal Aid nínú CDS, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń ṣe. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ pín kóòtù láàárín ara yín. Àjọ méjì tó ń du ẹlẹ́wọ̀n kan náà kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, ìtìjú ni.

4. Ìwé ńlá kan, ìlà kan fún ẹnì kan

Tí mo bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo lé olórí tuntun lọ́wọ́, ìwé yìí ni. Ì báà jẹ́ lẹ́jà, ì báà jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú ní ìlà tirẹ̀, kí ìlà náà má sì parí títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, kí ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀sùn, àti bó ṣe wà lórí ìwé àṣẹ tó gbé e dé ọgbà. Ọlọ́pàá gbọ́ "Rasaki", ó kọ "Rasaq". Ẹni tó tẹ ìwé ẹ̀sùn kọ "Abdulrazaq". Wọ́dà kọ "Razak A." Ní ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n pe orúkọ kan nínú ọgbà, ẹni tó ni ín ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, mọ́tò sì lọ láìgbé e. Májísíréètì sún ẹjọ́ síwájú. Irú nǹkan báyìí lè jẹ odindi oṣù mẹ́ta láyé èèyàn, lẹ́tà kan ló sì yanjú ẹ̀.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ béèrè pé: níbo ni fáìlì wà? Fún ẹ̀sùn ńlá bí ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn, Májísíréètì kò ní agbára láti gbọ́ ọ. Ó máa ń ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, yóò fi jáde láti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Ìmọ̀ràn ò sì lè jáde tí fáìlì kò bá dé ibẹ̀. Wọ́n ti gbé IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, lọ sí ìpínlẹ̀ míì, fáìlì wà nínú dúróà tí ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò tíì ṣí. Tàbí kò sí owó tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni paralegal yín gbọ́dọ̀ mọ tábìlì tí fáìlì oníkálukú wà àti ọjọ́ tí ó débẹ̀. Ẹ máa ka ìwé yìí pọ̀ láràárọ̀ Mọ́ńdè, olórí àjọ fúnra rẹ̀ ni kó máa darí ìjókòó náà. Tí ìlà kan ò bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde lọ síbẹ̀.

5. Àgọ́ ọlọ́pàá

Ìwé Òfin Nàìjíríà 1999, abala 35, sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé èèyàn débẹ̀. ACJA 2015, òfin tó ń darí bí wọ́n ṣe ń mú afurasí àti bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, fi kún un. Abala 7 kọ̀ kí wọ́n mú ìyàwó tàbí bàbá dípò ọkọ tàbí ọmọ. Abala 8 kọ̀ kí wọ́n mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́. Abala 34 ní kí Májísíréètì máa lọ yẹ àgọ́ ọlọ́pàá wò lóṣooṣù. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti ti Àbújá ni ACJA wà fún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Èkó ló kọ́kọ́ ṣe é, ní 2007. Ẹ ra ti ìpínlẹ̀ yín, torí nọ́ńbà abala àti iye ọjọ́ lè yàtọ̀.

Abala tí mo fẹ́ràn jù ni 17. Ó ní nígbà tí afurasí bá ń kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, lọ́yà rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Tí kò bá ní lọ́yà, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, tàbí òṣìṣẹ́ àjọ aládàáni, tàbí Justice of the Peace lè jókòó tì í. Ẹ̀yin nìyẹn o. Ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, ẹ fi nọ́ńbà fóònù tẹ́nì kan ń gbé tọ̀sán tòru síbẹ̀, ẹ bá a ṣe ìpàdé, kí ẹ sì kí i bó ṣe yẹ. "Ẹ ǹ lẹ́ sà, a ò wá bá yín jà" máa ń ṣílẹ̀kùn tí lẹ́tà ìhalẹ̀ ò lè ṣí. Lẹ́tà ìhalẹ̀ náà ní ọjọ́ tirẹ̀: tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, Fundamental Rights (Enforcement Procedure) Rules 2009, ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gba àjọ láyè láti lọ kóòtù gíga lórúkọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Wọ́n kọ "Bail is free" sára ògiri kiri. Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí nídìí káńtà. Òfin àjọ yín lórí èyí kò gbọ́dọ̀ ní ihò: ẹ kì í san kọ́bọ̀ fún ọlọ́pàá, kódà bí ẹni náà bá máa sun ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Á dùn yín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá san án lẹ́ẹ̀kan, iye tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ìyá aláta tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ga sí i, torí wọ́n ti mọ̀ pé àjọ kan wà tó ń san án.

Ọ̀rọ̀ gbèsè, ìjà onílé àti ayálégbé, ìjà ọjà, ẹ gbé e kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá kíákíá. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre ń parí irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbòmíràn, ẹ lo baálẹ̀, ìyálọ́jà, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tí àwọn méjèèjì gbà. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo yọ ìfipábánilòpọ̀ àti ọkọ tó ń lu ìyàwó sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ àjọ yín pe ìpàdé ẹbí lórí ìyẹn.

6. Nínú kóòtù

Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ béèlì. Abala 165 ACJA sọ pé béèlì kò gbọ́dọ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́yà yín lè padà síwájú Májísíréètì kan náà láti bẹ̀ ẹ́ pé kó dẹ ẹ́: onídùúró kan dípò méjì, ìyá ìjọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ dípò òṣìṣẹ́ ìjọba ipele kejìlá. Tí akọ̀wé bá sì ní àwọn ò gba obìnrin ní onídùúró, abala 167 ti ka ìyẹn léèwọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ máa mú un dání. Mo ti rí i tí pépà yẹn parí àríyànjiyàn láìsí pé ẹnikẹ́ni gbóhùn sókè.

Ní ti ìtìmọ́lé láìsí ẹ̀sùn gidi, abala 296 fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ 14. Wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ 14 míì. Lẹ́yìn ìyẹn kóòtù gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá ọlọ́pàá àti Agbẹjọ́rò Àgbà láti wá sọ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ tú u sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ wọ̀nyí sínú ìwé ńlá yín. Kì í sábà sí ẹlòmíràn tó ń kà á.

Ẹni tó bá jẹ̀bi ńkọ́? Abala 460 fún kóòtù láyè láti dá ìjìyà dúró tàbí kó fún un ní iṣẹ́ ìlú ṣe, òfin Nigerian Correctional Service (iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n) ti 2019 sì dá ẹ̀ka tí kì í ṣe ti ọgbà sílẹ̀ láti máa bójú tó irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò fi wọ́pọ̀? Ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn adájọ́ ni pé kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ bá wọn wá ẹni tó máa ṣọ́ ọ. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé ìjọba, ìyálọ́jà, mátíróònù ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn lè gba èèyàn méjì láti gbálẹ̀ tàbí kun ògiri, pé àwọn á máa fọwọ́ sí ìwé wíwá rẹ̀. Ẹ fún ọ̀gá ẹ̀ka náà ní ẹ̀dà kan. Nígbà tí lọ́yà yín bá dìde láti bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó jí bàtà, kó ní ibi tó máa tọ́ka sí, orúkọ ẹni tó máa ṣọ́ ọ, àti aago tí yóò máa wá. Ẹ̀bẹ̀ tó ní àdírẹ́sì ni adájọ́ ń gbọ́.

Owó ìtanràn náà ń gbé èèyàn láti kóòtù wọ ọgbà. Ẹ lè ní àpò kékeré kan fún un, kí ẹ máa san án sínú àkáǹtì ìjọba nìkan, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ má jẹ́ kó di gbogbo iṣẹ́ yín, torí onígbọ̀wọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ó yá, ó sì rẹwà nínú fọ́tò.

7. Àwọn tó ti wà nínú ọgbà tipẹ́

Òfin 1977 kan fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n kó sì tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń kéde ọjọ́ rẹ̀. Àjọ tó bá ní ìwé ńlá gidi lè gbé orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn síwájú wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Òfin 2019 pàápàá fún ọ̀gá ọgbà, pẹ̀lú ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀, lágbára láti kọ èèyàn tuntun tí àyè bá ti kún. Ẹ má retí pé wọn yóò lò ó láìsí ẹni tó tì wọ́n lẹ́yìn.

Láti 2023, àtúnṣe Ìwé Òfin ti jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú lè ṣòfin lórí ọgbà àtúnṣe, ìyẹn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn gómìnà lè fẹ́ kọ́ tiwọn. Ẹ wà níbi ìpàdé ìta gbangba tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n máa ná lórí lọ́yà ìjọba àti DPP kí wọ́n tó ra sìmẹ́ńtì. Ọgbà tuntun ò ní pẹ́ kún.

8. Ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀

Ẹ óò gbọ́ ọ lórí rédíò, lórí ìlà fóònù: "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ti olè lẹ́yìn?" Ẹ má bínú sí ẹni tó ń béèrè. Wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi í pé, nígbà tí wọ́n ti ọmọ tí ẹ fẹ̀sùn kàn mọ́lé fún ọdún méjì láìgbọ́ ẹjọ́, ṣé wọ́n dá nǹkan yín padà? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí nìyẹn. ACJA gba kóòtù láyè láti ní kí wọ́n dá nǹkan padà tàbí kí wọ́n san gbà-má-bínú. Kí òṣìṣẹ́ yín kan máa bá olùpẹ̀jọ́ sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bi í ohun tó fẹ́ gan-an. Nǹkan rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́.

9. Owó àti ohun tí ẹ óò kà

Onígbọ̀wọ́ yóò béèrè pé, "Ẹni mélòó lẹ tú sílẹ̀?" Ẹ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn máa darí yín, torí ẹni tó bá ń lépa rẹ̀ yóò máa yan ẹjọ́ tó rọrùn, yóò sì fi ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sílẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tí èèyàn lò láàárín ìgbà tí wọ́n mú un àti ìgbà tó délé. Ẹ ka iye ẹni tó padà wá jẹ́jọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. Ẹ ka iye ẹni tí àgọ́ ọlọ́pàá tú sílẹ̀ láìdé kóòtù rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí fọ́tò fún ìyẹn.

Ẹ má fi ojú ẹnikẹ́ni hàn nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Owó oṣù lọ́yà àti paralegal ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ti mọ́tò.

10. Lẹ́yìn tó jáde

Ẹni tó bá jáde pẹ̀lú béèlì tí kò sì padà wá jẹ́jọ́, òun nìkan kọ́ ló kó sí wàhálà. Onídùúró rẹ̀ yóò sanwó, Májísíréètì yóò sì rántí orúkọ àjọ yín nígbà míì tí lọ́yà bá dìde. Ohun tó sì máa ń fà á kì í sábà ju pé kò ní owó ọkọ̀, ó gbàgbé ọjọ́, tàbí ó rò pé ẹjọ́ ti parí nígbà tó délé. Lọ́jọ́ tó bá jáde gan-an, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ dé ilé, ẹ gba nọ́ńbà ẹni méjì tó ń rí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ẹjọ́ tó kàn sórí káàdì gàdàgbà. Ẹ pè é nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ tún pè é láago mẹ́fà àárọ̀. Tí kò bá gbé e, ẹ pe onídùúró. Tí ìyẹn náà ò bá gbé e, kí paralegal tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ jù gun ọ̀kadà lọ kan ilẹ̀kùn.